Koríko Tí Mi Ò Gé

Nòfẹ́ńbà 17, 1886

Ọjọ́ kẹrin rèé tí òjò dídì ti bọ́, kò sì yọ́. Ó yá jù. Àwọn ẹyẹ odò ti kọjá lọ sí gúúsù láti Sẹ̀tẹ́ńbà, wọn ò tilẹ̀ bà sí odò wa kí wọ́n mu omi. Irun ara àwọn màlúù nípọn débi pé àmì irin wọn ò fẹ́ hàn mọ́. Lute ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lòun ti da màlúù láti Téksáàsì wá sí Montana níbí, òun ò sì rí irú irun bẹ́ẹ̀ rí.

"Wọ́n ti rán aṣọ òtútù tiwọn, Màdáámú," ó ní. "Àwa nìkan la ò tíì mọ ohun tó ń bọ̀."

Mo ní kó lọ la igi. Lute Pettibone lè fi ẹnu la igi tó máa kún abà, kó má sì fọwọ́ kan àáké. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni òṣìṣẹ́ tí kò fi mí sílẹ̀ láti ìgbà tí ẹṣin ti ṣubú lu Con ọkọ mi, ọdún kẹta rèé, nítorí náà mo máa ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Igba màlúù ó lé méjìlá ni mo ní nínú pápá. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè máa rí i pé òótọ́ ni. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, mẹ́fà péré lèmi àti Con dà wá, Droimeann ló sì ṣáájú wọn, torí òun nìkan ló ń gbọ́ ohùn mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun láti ọrùn dé ìrù. Orúkọ tí ìyá mi máa ń fún gbogbo màlúù ẹlẹ́yìn funfun nílé wa ní Clare, ní Ireland, ni mo sọ ọ́.

Koríko ò dáa lọ́dún yìí. Oòrùn ti jó o mọ́lẹ̀ kí òjò dídì tó bò ó.

Nòfẹ́ńbà 25

Òjò dídì látàárọ̀. Àpò ìyẹ̀fun kan ti di dọ́là márùn-ún nílùú, ojú ò sì ti ẹni tó ń tà á.

Mo gòkè abà lọ wo koríko gbígbẹ. Ó tó ẹṣin méjèèjì àti Droimeann, pẹ̀lú ìwọ̀nba màlúù díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dòjé gígùn Con ṣì wà lára ògiri níbi tí mo gbé e kọ́ léṣìí. Mi ò fẹ́ wò ó, mo sì wò ó.

Léṣìí, lásìkò tí gbogbo wa ń kó màlúù jọ láti pápá, Májọ̀ Colby bá mi létí odò níbi tí mo ti ń gé koríko. Òun lolórí ẹgbẹ́ ọlọ́sìn màlúù ní gbogbo agbègbè yìí, màlúù rẹ̀ sì tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ó dúró lórí ẹṣin, ó ní, "Ìyá Ireland, ṣé ṣíbí lẹ máa fi bọ́ wọn náà ni? Ọlọ́sìn kì í gbé oúnjẹ fún màlúù. Màlúù ló ń wá oúnjẹ ara rẹ̀." Gbogbo àwọn darandaran bú sẹ́rìn-ín. Lute náà rẹ́rìn-ín, mo rí i. Ọjọ́ yẹn ni mo gbé dòjé kọ́. Èmi tí wọ́n bí sórí koríko gbígbẹ. Mo fẹ́ kí wọ́n kà mí mọ́ ara wọn, kí wọ́n yé pè mí ní opó Con.

Nígbà tí wọ́n sì gbé ìwé wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pé ká na wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí gúúsù kí àgùntàn Rennie, aládùúgbò wa níbẹ̀, má baà máa gba orí ilẹ̀ wa kọjá, mo fọwọ́ sí i. Rennie tó bá mi gbẹ́ sàréè Con.

Dìsẹ́ńbà 24

Mo tan àbẹ́là sójú fèrèsé kí ilẹ̀ tó ṣú, bí a ti ń ṣe é nílé, kí Màríà àti Jósẹ́fù lè mọ̀ pé ilé tó ń gba àlejò wà níbí. Lute ní bí wọ́n bá lè fẹsẹ̀ rìn débí nínú òjò dídì yìí, bẹ́ẹ̀dì òun di tiwọn. Láìpẹ́, màlúù mẹ́ta wá dúró síta fèrèsé, wọ́n ń wo iná. Mo fa aṣọ fèrèsé.

Jánúárì 9, 1887

Láti àná, òjò dídì kò sinmi. Lute ń fi igi ṣọ́bìrì wọn bó ṣe ń ga lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó fi di ọ̀sán, kò rí ṣọ́bìrì mọ́.

Jánúárì 15

Òtútù tí mi ò ní orúkọ fún. Ìgò ọtí Lute dì, ó sì ń dárò rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rẹ́ kú fún. Àwọn màlúù ti jẹ èèpo gbogbo igi etí odò tán. Lówùúrọ̀ mo gbọ́ ìró lára ògiri. Wọ́n ń ya bébà ọlọ́dà tí Con kàn mọ́ ilé kí atẹ́gùn má baà wọlé, wọ́n ń jẹ ẹ́. Mo gbé ìgbálẹ̀ jáde, mo ní kí n lé wọn. Wọn ò lọ. Mo fi ara ti ìgbálẹ̀, à ń wo ara wa, ni mo bá wọlé padà.

Jánúárì 17

Ṣinúkù dé, atẹ́gùn gbígbóná láti orí òkè. Omi ń kán láti etí òrùlé. Koríko ti yọjú níbi tó ga. Lute fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ohun tí kò ṣe láti Òkítóbà. Èmi jó láàárín àgbàlá, èmi nìkan, pẹ̀lú bàtà Con lẹ́sẹ̀. Lute ní béárì tóun rí ní ọjọ́sí jó jù mí lọ. Kó máa wí. Màlúù ń jẹun.

Jánúárì 19

Ó ti dì padà. Lánàá, lójú wa, ní ọ̀sán gangan, ni atẹ́gùn yí. Gbogbo omi tó yọ́ di yìnyín bí dígí lórí koríko. Àwọn màlúù ń rí koríko lábẹ́ rẹ̀, ẹnu wọn ò sì tó o. Wọ́n ń fi pátákò wà á, yìnyín ń gé wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà ní gbogbo ojú ọ̀nà odò. Èmi àti Lute fi àáké fọ́ yìnyín títí apá wa fi kọ̀. Ibi tí a fọ́ látàárọ̀ ò fẹ̀ ju yàrá ìdáná mi lọ, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán kí a tó mu omi tán.

Ká ní Ṣinúkù ò wá rárá, ìbá sàn. Mo jó fún un.

Jánúárì 28

Ìjì láti àríwá. Mi ò rí abà láti ẹnu ọ̀nà mi. Okùn la so láti ilé dé abà, òun la ń dì mú lọ fún ẹṣin àti Droimeann lóúnjẹ.

Màlúù kì í kojú sí ìjì. Á kẹ̀yìn sí i ni, á sì máa rìn, títí ìjì á fi dá tàbí títí á fi rí ibi sá sí. Gúúsù ni wọ́n ń lọ. Gúúsù náà ni a na wáyà sí.

A jẹ ọ̀dùnkún, a ò wojú ara wa.

Jánúárì 29

Lute ti lọ. Bó ṣe rí nìyí.

Ó ní, "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ gé wáyà yẹn."

Mo ní, "Ta lẹnì kan?"

"Màlúù ò lè di ohun ìgéwáyà mú. Ẹ̀yin lẹ nilé. Ta ló wá kù?"

"Mi ò rán ẹ, Lute."

"Mo mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín yẹn pé ẹ ò rán mi, kó má baà máa dà yín láàmú."

Mo ti kọ ọ́. Ó ń dà mí láàmú.

Jánúárì 30

Kò tíì dé. Mo ka rósárì lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mi ò mọ ohun mìíràn tí ọwọ́ mi lè ṣe.

Jánúárì 31

Ẹṣin ló gbé e wálé. Ìjì dá lówùúrọ̀, mo ṣílẹ̀kùn, mo rí ẹṣin níwájú abà, Lute sùn lé e lọ́rùn. Mo wọ́ ọ wọlé. Bàtà rẹ̀ kọ̀, kò bọ́, àfìgbà tí mo fi ọ̀bẹ là á. Ẹsẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ funfun bí àbẹ́là.

Ó ní, "Mo gé ibì kan."

Mo ní, "Ṣé wọ́n kọjá?"

Ó kọjú sí ògiri.

Ọ̀la ni ọjọ́ Bríd Mímọ́, ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ màlúù nílé wa. Kí oòrùn tó wọ̀, mo gbé aṣọ kan kọ́ sórí igi kékeré tó wà níta, kí Bríd lè fọwọ́ kàn án bó bá ń kọjá. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi máa ń tẹ́ sẹ́yìn màlúù tó bá ń rọbí. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa ń rìn dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Mo gbé e kọ́ ṣá.

Fẹ́búárì 1

Ọjọ́ Bríd. Ìyá mi ní lọ́jọ́ yìí, ìdajì koríko gbígbẹ gbọ́dọ̀ ṣì wà nílẹ̀, torí ìdajì òtútù ṣì wà lọ́nà. Kò sí ọmọ Clare tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi mọ omi yìí í dà láti kékeré, mo sì gbé kèrègbè kọ́ nítorí pé wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo gòkè abà lọ wò ó. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Fẹ́búárì 3

Mo dé ibi wáyà. Màá kọ ọ́ bó ṣe rí, torí mi ò ní í lè sọ ọ́ fún Lute.

Wọ́n tò mọ́ wáyà láti orí òkè títí dé odò. Àwọn tó kọ́kọ́ dé wà nísàlẹ̀, àwọn tó tẹ̀ lé wọn gùn wọ́n, òjò dídì sì bo gbogbo wọn dé èjìká. Àwọn mìíràn wà lórí ìdúró, wọ́n ti kú. Èémí ti di yìnyín dí wọn nímú. Àmì irin mi wà níbẹ̀, ti Májọ̀ wà níbẹ̀, ti gbogbo ẹni tó fọwọ́ sí ìwé. Ibi tí Lute gé fẹ̀ tó ilẹ̀kùn abà. Àwọn díẹ̀ ti gba ibẹ̀ kọjá, ipasẹ̀ wọn lọ tààrà sórí ilẹ̀ Rennie. Àwọn tó wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ihò náà ò mọ̀ pé ó wà. Wọ́n kọrí síwájú, wọ́n kú síbẹ̀.

Mo rò pé màá sunkún. Inú ló bí mi, sí àwọn gan-an. Mo kígbe mọ́ wọn pé, "Ihò ló wà níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin òmùgọ̀." Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé.

Fẹ́búárì 5

Mọ́kànlélógójì ló kù yí ilé ká, àwọn tí ìjì bá nínú kòtò odò. Koríko tó kù máa tó mẹ́wàá títí dé ìparí Máàṣì, bí mo bá ń wọ̀n ọ́n, tí ẹṣin sì ń jẹ ìdajì. Bí mo bá fún gbogbo wọn, gbogbo wọn á jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n á wá jọ kú pọ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìṣirò ò yẹ̀.

Lọ́dún ebi, nígbà tí ọ̀dùnkún jẹrà sínú ilẹ̀ ní gbogbo Ireland, ọmọ méjì ni ìyá mi ní: Diarmaid, ọmọ ọdún márùn-ún, àti èmi, ọmọ ọdún mẹ́ta. Abọ́ ẹ̀kọ àgbàdo kan ni wọ́n ń bù fún ilé kan. Èmi ni mo wà níbí. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo bi í léèrè bó ṣe yàn. Kò bínú sí mi. Ó dìde, ó lọ wo màlúù.

Fẹ́búárì 6

Lute pè mí látorí bẹ́ẹ̀dì.

"Màdáámú, ẹ gbé mi sójú fèrèsé. Èmi ni màá yàn wọ́n. Màá kàn máa nàka ni. Bó bá yá, ẹ sọ pé èmi ni."

Mo ní, "Wọn ò mọ ohùn ẹ. Wọn ò ní í tẹ̀ lé ẹ."

"Ìdí tó fi yẹ kó jẹ́ èmi gan-an nìyẹn."

Mi ò gbà. Èmi ni mo gbé dòjé kọ́.

Mo mú àwọn tó lóyún tí eegun wọn ṣì le. Mẹ́sàn-án wọlé, bí mo ṣe ń pè wọ́n ni wọ́n ń bọ̀, àwọn tí mi ò pè náà sì ń bọ̀, mo ń fi igi lù wọ́n nímú. Àyè kan ló kù. Droimeann ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọdún kẹta rèé tó ti bímọ kẹ́yìn. Abo pupa kan sì wà níta tó gbé oyún oṣù méje, ọmọ ọmọ Droimeann ni.

Mo fa Droimeann jáde. Kò bá mi fà á. Ó rò pé omi la fẹ́ lọ mu. Ó tẹ̀ lé mi títí dé etí odò, mo sáré padà, mo ti abo pupa wọlé, mo fi ọ̀pá dábùú ilẹ̀kùn.

Mo ti rò pé lónìí màá mọ bí ìyá mi ṣe yàn. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ló kàn ṣe é.

Fẹ́búárì 7

Wọ́n ń ké yí abà ká. Mo mọ ohùn Droimeann láàárín wọn. Kò ké bíi tiwọn. Ńṣe ló ń pè, bó ṣe máa ń pè mí tẹ́lẹ̀ tí mo bá pẹ́ kí n tó wá fún wàrà.

Fẹ́búárì 8

Ó ń pè.

Fẹ́búárì 9

Lute fi ìrọ̀rí bo etí. Mi ò bo tèmi. Ó yẹ kí ẹnì kan gbọ́ ọ.

Fẹ́búárì 11

Gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́. Ẹnu ọ̀nà abà gan-an ni Droimeann kú sí, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Mo mú ẹṣin kan gba àlàfo tóóró jáde, mo so ó mọ́ ọn kí ilẹ̀kùn tó lè ṣí tán. Ẹṣin ò lókun, mi ò lókun. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré la wọ́ ọ, a fi í síbẹ̀.

Fẹ́búárì 14

Rennie dé láàárọ̀, ẹṣin ń wọ́ pákó gbọọrọ kan lẹ́yìn rẹ̀ lórí òjò dídì, koríko gbígbẹ sì ga lórí pákó náà. Yìnyín ti so mọ́ gbogbo irùngbọ̀n bàbá náà.

"Ìyàwó Con," ó ní, "màlúù yín mẹ́rin wà láàárín àgùntàn mi. Wọ́n gba ihò wáyà wọlé. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ń bá wa jẹun."

Mo ní, "Mo fọwọ́ sí ìwé yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Rennie."

"Mo rí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín ló dáa jù nínú gbogbo wọn."

"Kí lẹ wá dé fún nígbà náà?"

"Ṣé kí n gbé e padà ni?"

Mo ní rárá. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni o, torí àgùntàn tòun náà ń kú. A já koríko náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Droimeann wà. Ẹrù yẹn ìbá tó o jẹ títí tí ilẹ̀ á fi yọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi pẹ́. Mi ò sọ ọ́ fún Rennie. Ẹ̀pà ò bóró mọ́, èèyàn ò sì gbọdọ̀ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà.

Ó wo ẹsẹ̀ Lute, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí n gbé omi kaná. Ìka márùn-ún ló gé. Mo di Lute mú léjìká.

"Bàbá, ẹ rọra," Lute ní. "Èmi kì í ṣe àgùntàn."

"Àgùntàn kì í sọ̀rọ̀ tó báyìí," Rennie dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn Lute ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Mo fi aṣọ Bríd di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣe tán, kò sí màlúù tó ń rọbí.

Máàṣì 4

Ṣinúkù, tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Odò kún, ó sì ń gbé òkú màlúù kọjá, òmíràn nà gbọọrọ, òmíràn ń yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ lókè. Ọjọ́ kejì rèé, wọn ò tíì tán. Mo jókòó létí odò, mo ń wá àmì irin mi. Nígbà tó yá, mo dẹ́kun wíwá.

Épírì 8

Abo pupa ń rọbí láti òwúrọ̀. Lute fi igi rìn wá sí abà. Ó yọ aṣọ Bríd lápò, ó ti fọ̀ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn màlúù náà. Èmi ò kọ́ ọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé mo sọ ọ́ létí rẹ̀ nígbà tí ibà ń ṣe é.

Ọmọ náà jáde láàyè. Pupa ni. Mo nù ún, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìrù, mo tún wò ó.

Lute ní, "Kí lẹ ń wá?"

Mo ní kò sí.

Kò sí lóòótọ́. Pupa ni gbogbo rẹ̀.

Júláì 11

Mo sọ dòjé kalẹ̀. Lute jókòó sórí àpótí, ó pọ́n ọn mú. Wáyà ti kúrò nílẹ̀, èmi àti Rennie la jọ ká a ní Júùnù. Àgùntàn rẹ̀ gba orí ilẹ̀ mi kọjá lánàá, mo sì fún Rennie ní wàrà mu. Màlúù mi jẹ́ mẹ́rìnlá, pẹ̀lú àwọn mẹ́rin tó gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ.

Májọ̀ Colby gba ibí kọjá, ó ti kó ẹrù, ó ń padà sí ìlà-oòrùn. Ó dúró lórí ẹṣin bíi ti ọjọ́sí.

"Màdáámú Tuohy," ó ní. Kò pè mí ní Ìyá Ireland. "Koríko lẹ̀ ń gé."

"Koríko ni mò ń gé, Májọ̀."

"Ó ga gan-an níbí o. Kí lẹ fi sí i?"

Mò ń gé e lọ. Ó gbójú sókè, ó rí bí koríko gíga náà ṣe tò lọ lẹ́sẹẹsẹ láti orí òkè títí dé odò, níbi tí wáyà wà tẹ́lẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó dì í mú sáyà fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ku ẹnu ọ̀nà abà, ibi kan tí kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Ibẹ̀ ló tutù yọ̀yọ̀ jù.

Lute ní, "Màdáámú, ẹ ò ṣe fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀?"

Mo ní Droimeann ò fi koríko sílẹ̀ rí láyé rẹ̀. Mo gé e. Ó kún apá mi kan. Mo gbé e gòkè abà, mo tò ó lọ́tọ̀ de ọjọ́ Bríd.